Kí Ohun Èlò Ilé Bá Ara Àgbà Mu



Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò mọ́sálásí wa, ọjọ́ orí wọn ti lé ní 70. Ọmọ wọn tí ń gbé ní London fi gílóòbù mẹ́rin ránṣẹ́ sí wọn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń tan irú gílóòbù yìí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pa á. Bí ọmọ náà bá jókòó sí London, ó lè tan iná yàrá ìyá rẹ̀ ní Nàìjíríà. Gbogbo ilé yọ̀, àwa náà bá wọn yọ̀. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí màmá ṣubú lóru, nínú òkùnkùn, lábẹ́ gílóòbù olówó ńlá yẹn.

Kí ló fà á? Láti ìgbà tí màmá ti dáyé ni wọ́n ti ń pa iná láti ara ògiri kí wọ́n tó sùn. Bí súwísì ògiri bá sì ti wà ní pípa, iná kò dé ọ̀dọ̀ gílóòbù náà mọ́, fóònù kò sì lè bá a sọ̀rọ̀. Lóru ọjọ́ yẹn, kò tilẹ̀ sí iná NEPA rárá. Ẹ̀rọ wáífáì inú ilé ti kú pẹ̀lú iná. Màmá dìde ní nǹkan bí aago mẹ́ta láti lọ tọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ tá ògiri lọ, ẹsẹ̀ wọn kọ́ etí ẹní, ó di gbì. Ilẹ̀ ni wọ́n wà títí làdánì fi pe ìrun Àsùbáà, tí ọmọ-ọmọ wọn jí, tí ó gbọ́ ohùn wọn. Ọrùn ọwọ́ wọn ti kán. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé kì í ṣe egungun ìbàdí.

A kò sọ ọ̀rọ̀ yìí láti bú ọmọ náà. Ọmọ rere ni. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Ohun tí ó fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe é fún: ẹni tí iná kì í lọ nílé rẹ̀, tí dátà kì í tán lórí fóònù rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ tó láti ka ìwé tín-ín-rín. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ìdílé mú kúrò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ọ̀kan lọ: ohun èlò ni ó yẹ kí ó bá ara àti ìṣe ẹni tí yóò lò ó mu, kì í ṣe pé kí àgbàlagbà máa fi ara rẹ̀ bá ohun èlò mu.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí èèyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé àwọn tí wọ́n ti lé ní 60 ọdún ni ó ń pa jù. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń kú ni ó wà ní irú àwọn orílẹ̀-èdè tiwa, tí owó kò pọ̀. Èyí tí kò pa èèyàn náà ń gba òmìnira lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan a máa bẹ̀rù ìrìn. Bí kò bá rìn mọ́, iṣan ẹsẹ̀ a rọ. Bí ẹsẹ̀ bá rọ, ìṣubú kejì ti sún mọ́lé.

Ibo ni ọpọlọ ohun èlò náà wà?

Àwọn oníṣòwò ń pè é ní smart, ìyẹn ohun èlò tí ó gbọ́n. Ohun tí ọgbọ́n náà jẹ́ kò le. Gbogbo ohun èlò bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yà mẹ́ta: ojú tàbí etí tí ó fi ń mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ọpọlọ tí ó fi ń pinnu, àti ọwọ́ tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Aago tí ń pe ìrun ní pálọ̀ yín wà nínú ẹgbẹ́ wọn: ó mọ àkókò, ó mọ ìgbà tí ó tó, ó sì ké. Kò lo dátà, kò sì béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́jà ni pé, níbo ni ọpọlọ rẹ̀ wà? Bí ọpọlọ náà bá wà nínú ohun èlò fúnra rẹ̀, bí ti aago ìrun, yóò ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun ni ọpọlọ rẹ̀ wà, a jẹ́ pé iná ilé, ẹ̀rọ wáífáì, dátà, fóònù àti ilé-iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà lójúfò lẹ́ẹ̀kan náà kí màmá tó rí iná lọ tọ̀. Bí ọ̀kan bá já, gbogbo rẹ̀ já. Ohun tí ẹ̀mí tàbí egungun rọ̀ mọ́ kò yẹ kí ó wà lórí irú okùn gígùn bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí tí ọpọlọ rẹ̀ jìnnà sílẹ̀ fún ohun tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára bí kò bá ṣiṣẹ́.

Bákan náà ni ti ẹ̀rọ tí a ń bá sọ̀rọ̀. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni kí ó lè fi ẹnu tan iná. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bíi Alexa kò tíì gbọ́ Yorùbá títí di àkókò tí a ń kọ èyí, ohùn ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ahọ́n rẹ̀ wúwo sì ń ṣòro fún un láti mọ̀. Ìrètí wà o: ní ọdún 2024, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí èèyàn lè fi ẹnu sọ fún fóònù kí fóònù bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ tó náwó sí èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí bàbá tàbí màmá fi ohùn ara wọn dán an wò.

Ẹni tí ó kọ́ wa ní èyí

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó la ojú ayé sí ọ̀rọ̀ yìí ni Ronald Mace, ayàwòrán-ilé kan ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un, orí kẹ̀kẹ́ ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí a má kọ́ ilé tán kí a tó máa wá àtẹ̀gùn ẹ̀yìn fún akàndá ẹ̀dá. Kí a kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí tèwe tàgbà, alára líle àti aláìlera, lè jọ lò ó. Ní ọdún 1997, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina State University gbé ìlànà méje jáde. Lára wọn ni pé kí ohun èlò rọrùn láti yé ni, kí ó má gba agbára púpọ̀, kí ìròyìn tí ó ń fún ni ṣeé rí, ṣeé gbọ́ tàbí ṣeé fọwọ́ kàn, àti pé bí èèyàn bá ṣèèṣì, kí àṣìṣe náà má di ewu.

Ẹ wo bí ó ti bá ẹ̀sìn wa lọ. Ẹni tí kò lè dúró kírun, ó jókòó. Ẹni tí kò lè jókòó, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí Ọlọ́hun bá fi ìrun pàápàá bá agbára ẹni mu, kí ló dé tí súwísì iná ilé wa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Iná tí kò dúró de súwísì

Fún màmá tí a sọ̀rọ̀ wọn, ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni iná kékeré mẹ́ta oníbátìrì tí ń tàn fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá kọjá. Ara èèyàn ń gbé ooru jáde; ojú funfun kékeré tí ó wà níwájú iná náà ń ṣọ́ ooru. Bí ooru kan bá rìn kọjá níwájú rẹ̀, ó mọ̀ pé abẹ̀mí kan ń lọ, ó sì tàn. Bí ìrìn bá dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, yóò pa ara rẹ̀. Kò sí fóònù níbẹ̀, kò sí dátà. Bí NEPA bá mú iná lọ, kò kàn án.

Ọ̀nà tí a gbà lẹ̀ ẹ́ ṣe pàtàkì. Ìwọ̀n orúnkún ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ilẹ̀, kí ó má tàn sí ojú ẹni tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Kí àkọ́kọ́ wà níbi tí yóò ti rí ẹsẹ̀ gbàrà tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí ibùsùn. Kí ìkejì wà lójú ọ̀nà, kí ìkẹta wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Bí ooru bá mú gan-an, tí yàrá gbóná fẹ́ẹ̀rẹ́ tó ara èèyàn, ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú mọ́; nítorí náà ẹ dán an wò lóru tí ooru mú. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bí ọjọ́ Jímọ̀, tí ọmọ ilé kan yóò máa fi iná sí bátìrì wọn. Orí tábìlì ni kí ó ti ṣe é, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì tàbí abẹ́ ìrọ̀rí, nítorí iná lè ti ara irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ṣẹ́yọ. Ẹ má sì torí ohun èlò kankan gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: èéfín rẹ̀ ń pani láìjẹ́ kí èèyàn mọ̀.

Bí wọn yóò ṣe ké sí wa

Wákàtí méjì tí màmá lò lórí ilẹ̀ ni ó dun ọmọ-ọmọ wọn jù, nítorí yàrá kejì ni ó sùn sí. Ohun tí a rà kò ju aago ẹnu ọ̀nà aláìníwáyà lọ, irú èyí tí àlejò ń tẹ̀. Bọ́tìnì rẹ̀ wà ní ọrùn màmá nínú okùn aṣọ; agogo rẹ̀, tí ó ń lo bátìrì, wà ní yàrá ọmọ. Ẹ ra èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ tóbi, tí ọwọ́ tí làkúrègbé ti mú lè tẹ̀.

Fóònù kékeré oníbọ́tìnì kì í ṣe ohun ìtìjú. Bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, bọ́tìnì rẹ̀ ṣeé fọwọ́ mọ̀ nínú òkùnkùn, lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn ẹ sì lè fi nọ́ńbà ọmọ sí orí 2, kí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ 2 mọ́lẹ̀ pẹ́, ìpè ti lọ. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android tuntun, bí ẹ bá ti ṣètò rẹ̀, títẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń tan fóònù lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà ni 112. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ògiri, kí nọ́ńbà aládùúgbò tí ó ní mọ́tò tẹ̀ lé e.

Fún aláìríran, fóònù Android ní TalkBack nínú, iPhone ní VoiceOver. Méjèèjì ń ka ohun tí ó wà lójú fóònù sókè, owó kankan kò sì kún un. Fún adití, aago ẹnu ọ̀nà wà tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí agogo bá ń dún. Fóònù tí ń gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí náà lè jí wọn sáárì bíi ti ẹni tí ó gbọ́ròó.

Òògùn lákòókò rẹ̀

Iṣẹ́ wa ni ti òògùn, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ yé ara wa. Aago fóònù lè ránni létí òògùn. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ lè gba ohùn ọmọ sílẹ̀ kí ẹ fi ṣe ìró aago náà: "Màámi, ó ti tó àkókò òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín." Ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́ ọ, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran gbọ́ ọ. Òògùn tí a ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ṣeé so mọ́ Àsùbáà àti Màgáríbà, nítorí nǹkan bí wákàtí méjìlá-méjìlá ni ó wà láàárín wọn ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí Ramadan bá ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà tàbí apòògùn kí ẹ tó yí àkókò padà.

Aago ń sọ pé àkókò tó. Kò sọ bóyá wọ́n ti gbé òògùn náà mì. Àpótí òògùn alájúmọ́-méje ni ó ń sọ ìyẹn: bí ojú ilé ọjọ́ Àlàmísì bá ṣófo, a ti lò ó. Èyí ń gba èèyàn lọ́wọ́ àlòtúnlò. Ẹ kọ́kọ́ bi apòògùn yín, nítorí àwọn òògùn kan wà tí kò gbọdọ̀ kúrò nínú páálí wọn títí di àkókò tí a ó lò ó.

Ohun kan wà tí kò sí gílóòbù tí yóò tún un ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, òògùn ni ó ń gbé àgbà ṣubú. Òògùn oorun, òògùn ara yíyún tí ń kun ni lóorun, àti òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òyì kọ́ni nígbà tí a bá dìde lójijì. Òògùn tí ń múni tọ̀, bí wọ́n bá lò ó lálẹ́, ni yóò máa jí wọn lóru. Nígbà tí a yẹ òògùn màmá wò, bẹ́ẹ̀ gan-an ni a bá a. Dókítà wọn sún un sí òwúrọ̀, ìdìde òru sì dínkù. Ẹ má dá òògùn dúró fúnra yín. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo, kí ẹ kó o lọ bá apòògùn. Ẹ sì kọ́ àwọn òbí láti jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí wọ́n tó dìde.

Ojú tí ń wo ni

Níhìn-ín, àwa ni a ṣìṣe. Lẹ́yìn ìṣubú náà, àwa olùyọ̀ǹda ara ẹni láti mọ́sálásí dábàá pé kí wọ́n fi kámẹ́rà sí yàrá màmá, kí ọmọ tó wà ní London lè máa wò wọ́n. Màmá wò wá, wọ́n ní: "Ṣé ẹ fẹ́ máa wò mí bí mo ṣe ń pààrọ̀ aṣọ ni? Mo ṣubú, n kò tíì kú." Ojú tì wá. Nínú Súrátù Nùr, ẹsẹ 58, àkókò mẹ́ta ni Ọlọ́hun dárúkọ tí ọmọ kékeré inú ilé pàápàá gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó wọlé: ṣáájú Àsùbáà, ìgbà tí a bá bọ́ra sílẹ̀ lọ́sàn-án, àti lẹ́yìn Ìṣáì. Bí ọmọ ilé bá ń gba àṣẹ, kámẹ́rà ńkọ́, tí àwòrán rẹ̀ ń lọ sí orí kọ̀ǹpútà àwọn tí a kò mọ̀?

A kò sọ pé kámẹ́rà kò dára rárá. Ẹnu géètì lè jẹ́ ààyè rẹ̀. Fún ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ṣá, ohun tí ń ké bí ilẹ̀kùn ìta bá ṣí lóru wúlò ju kámẹ́rà inú yàrá lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá ṣì mọ ohun tí wọ́n fẹ́, àwọn ni kí wọ́n pinnu.

Ohun tí kò ní bátìrì

Ọ̀dọ́kùnrin aránṣọ kan tí ń lo kẹ̀kẹ́ nínú ìjọ wa máa ń sọ pé: "Ẹ bi mí kí ẹ tó rà á." Nígbà tí a bi í, kò béèrè ẹ̀rọ kankan. Ó ní kí wọ́n sọ súwísì kalẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ òun tó, kí wọ́n sì tẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ́gírẹ́gí. Ìlànà tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò ni pé bí àtẹ̀gùn bá ga ní ínǹṣì kan, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 12. Bí ó bá ga ní ínǹṣì 6, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni gígùn rẹ̀.

Ní balùwẹ̀ àti ibi àlùwàlá, irin tí a rì mọ́ ògiri dáadáa ni kí wọ́n máa dì mú, kì í ṣe irin táwẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ omi tí a ń fi ìgbọ̀nwọ́ tì dára ju èyí tí a ń lọ́ lọ. Kí àga tí kì í yẹ̀ wà níbẹ̀ fún àlùwàlá, kí bùtá kékeré rọ́pò ńlá. Ẹ ká gbogbo ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì tí etí rẹ̀ ń ká sókè kúrò lójú ọ̀nà.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè márùn-ún. Bí iná bá lọ tí dátà sì tán, ṣé yóò ṣiṣẹ́? Ṣé ọwọ́ kan ṣoṣo tó láti lò ó? Ṣé ó gbọ́ èdè wọn, tàbí kò nílò èdè rárá? Bí wọ́n bá tẹ ibi tí kò yẹ, ṣé ewu kankan wà? Ṣé àwọn fúnra wọn fẹ́ ẹ, ṣé wọ́n sì lè pa á bí ó bá sú wọn?

Lálẹ́ òní, ẹ bá wọn rin ọ̀nà láti ibùsùn dé ilé ìtọ̀, kí ẹ pa iná, kí ẹ fi ọwọ́ dì wọ́n mú. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá ti ṣiyèméjì, ibẹ̀ ni kí iná àkọ́kọ́ wà.

Màmá wa ti ń rìn padà. Ọmọ wọn ní London ṣì ń tan gílóòbù pálọ̀ láti òkèèrè bí iná bá wà, àwọn ọmọ ilé a sì máa fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lóru, iná kékeré ẹsẹ̀ ògiri ni ó ń mú wọn dé ibi àlùwàlá. Kí Ọlọ́hun dá àwọn òbí wa sí, kí Ó má jẹ́ kí a fi wọ́n sínú òkùnkùn. Àmín.